Cabascabo àti Ìlò Òní

Àwọn baba wa a máa wí pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni ó mú kí babaláwo máa dífá ní ọrọọrún. Ẹnìkan gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó ní níwọ̀n ìgbà tí ọ̀la kò ti dájú, kí á jẹ òní tán. Ẹlòmíràn gbọ́ ọ, ó ní òní ni kí á ṣiṣẹ́. Láàárín ìtumọ̀ méjèèjì yìí ni sinimá *Cabascabo* dúró sí, èyí tí Oumarou Ganda, ọmọ ìlú Niamey, ṣe, tí a sì fi hàn ní Cannes, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1969.

Ìtàn rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ọmọ ogun kan tí ó ti jà lábẹ́ àsíá Faransé ní Indochina padà dé sí Niamey. Owó ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, òkìkí ń bẹ lórí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rọ́ dé, obìnrin rọ́ dé. Ó ń náwó, ó ń ròyìn ogun. Nígbà tí owó tán, ilé dá páropáro. Ó ṣe lébìrà, iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Níkẹyìn ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó kọrí sí oko.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò wí pé ìnákúnàá ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹni tí ó dàbí ẹni pé ó ń jẹ òní yìí, kò gbé inú òní rárá. Ara rẹ̀ wà ní Niamey, ọkàn rẹ̀ wà ní Indochina. Àná ni ó ń rò fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, owó ni ó sì fi ń ra etí wọn. Ọjọ́ tí ó gbé ọkọ́ ni òní rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Bí àbùkù kan bá wà, òun ni pé ẹrù náà pọ̀ jù lórí ọkùnrin kan ṣoṣo. Ogun tí ó gba ìgbà èwe rẹ̀, tí ó dá a padà pẹ̀lú owó láìkọ́ ọ níṣẹ́, yẹ kí ó gba ìdálẹ́bi tirẹ̀.

Ganda mọ ohun tí ó ń sọ. Ọdún 1935 ni a bí i. Ó lọ sí Indochina ní 1951, ó sì padà ní 1955. Ó ṣe alárù ní èbúté Abidjan, níbi tí Jean Rouch ti mú un wọ inú sinimá *Moi, un noir* ní 1958. Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ di olùṣe sinimá. *Le Wazzou polygame* rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn ńlá Étalon de Yennenga ní Ouagadougou ní 1972. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1981, ó kú ní ẹni ọdún 45.

Àwọn méjèèjì ni ó ní àná kan náà láti ròyìn. Cabascabo ròyìn tirẹ̀ kí a lè yìn ín. Ganda sọ tirẹ̀ di iṣẹ́. Ìyàtọ̀ yìí ni ó yẹ kí olùkọ́ fi han ọmọ ilé-ìwé, dípò àròkọ lórí iyì àkókò tí wọ́n máa ń kọ láti orí wá. Kí ó bi wọ́n pé: ọjọ́ wo ni ó yẹ kí Cabascabo ti gbé ọkọ́? Lẹ́yìn náà, kí olúkúlùkù wọn sọ ohun tí í ṣe ọkọ́ tirẹ̀.