Àrà Kì í Ṣe Ọ̀fẹ́

Tí àwọn èèyàn bá gbọ́ pé ìtàn àràmàǹdà ni mo ń kọ, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé iṣẹ́ tó rọrùn ni mo mú. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa bi mí pé báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dojú rú, kí n sáà pe iwin kan jáde, kó gbé akọni mi fò kọjá, kí n sì máa bá tèmi lọ. Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo irú ìtàn tí mo ti fọwọ́ kàn, mi ò rí èyí tí gbèsè pọ̀ nínú rẹ̀ tó ìtàn iwin. Gbogbo àrà tí òǹkọ̀wé bá dá, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sanwó rẹ̀ kí ìwé tó parí. Bí kò bá sẹ́ni tó san án, òǹkàwé á mọ̀ ọ́n lára, á sì pa ìwé dé láìmọ ohun tó sú òun gan-an.

Àwọn tó ṣíwájú wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta. Nínú The Palm-Wine Drinkard, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1952, ọ̀mùtí inú ìtàn náà àti ìyàwó rẹ̀ dé ìdí igi funfun kan. Kí wọ́n tó wọlé, wọ́n ta ikú wọn ní 70 pọ́n-ùn, ṣílè 18 àti sísì. Ẹ̀rù wọn ní tirẹ̀, wọn ò tà á. Wọ́n yá a fún ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, èlé rẹ̀ sì jẹ́ pọ́n-ùn 3 àti ṣílè 10 lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n ń jáde, wọ́n gba ẹ̀rù wọn padà, torí yíyá ni wọ́n yá a. Ikú tí wọ́n ti tà kò ṣeé gbà padà mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò lè kú, síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ká ní Tutuola mú ẹ̀rù àti ikú kúrò lẹ́ẹ̀kan náà ni, ta ni ìbá tún máa ka ìyókù? Ìdúnàádúrà kékeré yẹn ló gbé ìdajì ìwé náà ró.

Flora Nwapa, tóun náà gbé nílùú Enugu tí mo ń gbé yìí, ṣe irú rẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀. Nínú Efuru, tó jáde lọ́dún 1966, Uhamiri, obìnrin inú adágún Oguta, máa ń fún àwọn tó ń sìn ín lówó àti ẹwà, ṣùgbọ́n kì í fún wọn lọ́mọ. Òfin kan ṣoṣo nìyẹn, ọ̀pọ̀ ìbànújẹ́ ìwé náà sì ti ibẹ̀ jáde. Nnedi Okorafor tẹ̀lé wọn pẹ̀lú Akata Witch lọ́dún 2011: nínú ayé tó dá sílẹ̀ níbẹ̀, owó ń já bọ́ láti òkè, ìgbà tí èèyàn bá kọ́ ohun tuntun nìkan ló sì ń já bọ́. Ẹni tó fẹ́ owó níbẹ̀ á kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́.

Ìwé tí èmi ń kọ lọ́wọ́ dá lórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú yìí. Ọdún 1909 ni Albert Kitson rí èédú ní ilẹ̀ Udi. Nígbà tó di 1915, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, ọkọ̀ ojú irin sì ń gbé e lọ sí Port Harcourt láti 1916. Ìlú wá hù sí ẹsẹ̀ òkè náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn awakùsà ní Iva Valley, 21 nínú wọn sì kú. Mi ò fi iwin kankan sí ìtàn yẹn, ó tó gẹ́gẹ́ bó ṣe rí. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni ihò, òkùnkùn àti àtùpà.

Àbẹ̀ní ni orúkọ ọmọbìnrin inú ìwé mi. Ọ̀fà ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ bá iṣẹ́ rélùwéè dé Enugu, ó wọ inú òkè lọ́jọ́ kan, kò sì jáde mọ́. Àbẹ̀ní wá a lọ. Àtùpà tí wọ́n fún un lẹ́nu ihò kì í lo epo: bó bá ti tàn án lẹ́ẹ̀kan, ó máa gbàgbé ojú ẹnì kan tó mọ̀, títí láé. Mo kọ òfin náà sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé àjákọ mi kí n tó kọ gbólóhùn kankan nínú ìtàn: títàn kan, ojú kan, kò sí ìdápadà. Òun ni mo ń bá jà láti ìgbà náà.

Bí oṣù bá parí, mo máa ń ṣírò iṣẹ́ bí ìyálọ́jà ṣe ń ṣírò ọjà: ohun tó wọlé lápá ọ̀tún, ohun tó dí mi lọ́wọ́ lápá òsì. Oṣù kẹjọ tó kọjá yìí ni kí n ṣírò fún yín, torí òun ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù.

Kí ẹ kọ́kọ́ mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Olùkọ́ ìṣirò ni mí nílé ìwé girama kan, ọmọ Ọ̀ṣun tí ọkọ gbé wá sí ilẹ̀ Ìgbò. Àwọn ilé ìwé ti gba ìsinmi lóṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n mo ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní lẹ́sìn láàárọ̀, torí owó lẹ́sìn yẹn la fi ń ra ìwé àti yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ tiwa. Ọ̀sán ló kù fún Àbẹ̀ní. Ọ̀sán sì rèé, òjò ló ni ín. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò nílùú yìí, omi ẹ̀rọ kì í dé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọwọ́ àwọn onítánkà la ti ń rà á, owó rẹ̀ sì ń dunni. Nítorí náà, bí òjò bá ṣú, kò sí òǹkọ̀wé tó ń jókòó wò ó láti ojú fèrèsé. Gbólóhùn á dúró ní ìdajì, màá sáré gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Bí mo bá fi máa padà dé, iná ti lọ.

Ọjọ́ Ajé nìkan ló máa ń fún mi láyè. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2021 tí ẹgbẹ́ tó ń jà fún òmìnira ilẹ̀ Ìgbò ti pàṣẹ pé kí gbogbo gúúsù ìlà-oòrùn jókòó sílé lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ náà kò tíì padà bọ̀ sípò dáadáa. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní kí gbogbo èèyàn jáde láti 2023, ọ̀pọ̀ sì ti ń jáde, síbẹ̀ àwọn òbí kì í fẹ́ rán ọmọ wọn ní lẹ́sìn lọ́jọ́ náà. Ohun tó ń pa ọlọ́jà lára ló ń fún mi láyè láti kọ̀wé, mi ò sì lè pè é ní oríire. Ọjọ́ Ajé ni mo kọ orí kẹfà látòkèdélẹ̀.

Mi ò ní ẹni tó ń ka Yorùbá nínú ilé. Ọkọ mi, bàbá Chidera, gbọ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè kà á. Nítorí náà, bí mo bá parí orí kan, mo máa ń kà á sórí fóònù, màá sì fi ohùn náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Òṣogbo. Aláta ni ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ wọn kì í dilẹ̀, etí wọn ló máa ń ráyè. Lẹ́yìn orí kẹfà, ohùn tiwọn dé.

"Ìwọ ọmọ yìí, mo ti gbọ́ o. Ó dùn. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti gbàgbé ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó ti gbàgbé àbúrò ẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gbàgbé ìyá ẹ̀. Tó bá kan bàbá tó ń wá, kí ló tún ń dúró ṣe nínú ihò? Èmi á ti padà sílé."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n rò ó."

"Máa rò ó. Tí o bá ti rò ó tán, kí o pè mí."

Ọ̀rọ̀ wọn ká mi lọ́wọ́ kò. Òfin mi ti jẹ ìtàn mi tán. Ọ̀nà tó yá jù ni kí iwin kan jáde láti inú òkúta, kó dá ojú méjì tàbí mẹ́ta padà fún Àbẹ̀ní nítorí ìwà rere rẹ̀. Irú iwin bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ìwé àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ẹ̀bùn lásán tú òfin tí mo fọwọ́ ara mi dì, gbogbo omijé tó ti san láti orí kìíní di òfò. Mo fi orí keje sílẹ̀ láìkọ.

Ìfàsẹ́yìn kejì wá láti ibòmíràn. Mo fẹ́ tẹ àwọn orí àkọ́kọ́ sórí bébà, kí n fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan tó ní òun á yẹ̀ wọ́n wò. Mo gbé fáìlì lọ sí ilé ìtẹ̀wé-kékeré kan nígboro. Nígbà tí bébà jáde, gbogbo ibi tí àmì ohùn bá ti pàdé àmì ìsàlẹ̀, àpótí òfìfo ló wà níbẹ̀. Ohun tó fà á ni pé lẹ́tà bíi "ẹ́" kò ní àyè tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. "Ẹ" ni, tí a wá gbé àmì lé lórí, kì í sì í ṣe gbogbo irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò ló lè gbé e. Ọ̀dọ́mọkùnrin ibẹ̀ bi mí bóyá kí òun yọ àwọn àmì náà kúrò. Mo gbé fáìlì mi lọ sílé, mo sọ ọ́ di PDF, mo tún padà wá. Ó jáde dáadáa. Ẹ̀yin tó ń kọ Yorùbá níbi tí wọn kì í ti í tẹ̀ ẹ́, ẹ jọ̀wọ́, PDF ni kí ẹ máa gbé lọ.

Ìgbà náà ni August Meeting dé. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ìpàdé àwọn obìnrin ilé ni nílẹ̀ Ìgbò: lóṣù kẹjọ, ìyàwó ilé tó wà ní Èkó, ní Kánò, níbi yòówù kó wà, á padà sí abúlé ọkọ rẹ̀, kí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí abúlé nílò, kí wọ́n sì dáwó. Abúlé ọkọ mi wà lápá Udi. A gba Milken Hill gòkè, a kọjá Ngwo, a ra okpa gbígbóná ní 9th Mile, a sì dé. Mo kó ìwé àjákọ mi dání, mi ò ṣí i rárá. Ọbẹ̀ la sè, ilẹ̀ la gbá, aṣọ kan náà la wọ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé, akọ̀wé ṣí rẹ́jísítà, ó ń pe orúkọ kọ̀ọ̀kan àti gbèsè rẹ̀. Ó dé orí obìnrin kan tó ti pẹ́ tí kò ti wá sílé, tí kò sẹ́ni tó tún ń gbúròó rẹ̀ níbi tó lọ. Ó pe orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ó ka owó ìdáwó àti ìtanràn tó ti gorí ara wọn lórí obìnrin yìí lọ́dọọdún. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Màmá kan tó jókòó tì mí ní, bó gbàgbé wa, àwa ò gbàgbé ẹ̀.

Ibẹ̀ ni orí keje ti là. Ojú tí àtùpà bá gbà lọ́wọ́ Àbẹ̀ní kì í ṣègbé. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ojú náà ló ń lọ, ó sì ń di ìlọ́po lọ́kàn onítọ̀hún. Bí Àbẹ̀ní bá ṣe ń gbàgbé ìyá rẹ̀ nínú ihò, bẹ́ẹ̀ ni ìyá náà ní Ọ̀fà ń rántí ọmọ rẹ̀ títí oorun fi dá lójú rẹ̀, títí ó fi wọ ọkọ̀ ojú irin, tó wá a wá. Òfin mi dúró bó ṣe wà: títàn kan, ojú kan, kò sí ìdápadà. Ohun tó yí padà ni pé mo ti wá mọ ẹni tí gbèsè náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo ka orí keje ránṣẹ́ sí Òṣogbo, èsì ẹ̀gbọ́n mi kò gùn. Wọ́n ní, "Ìyẹn dára. Ìyá wo ni kò ní wá?"

Èyí ló jẹ́ kí n fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ju èyíkéyìí tí mo lè fi ọ̀sán mi ṣe. Ìṣirò tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ máa ń dáhùn ní ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́. Ìtàn àràmàǹdà náà ní òfin tó le bákan náà, ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣe òfin náà, mo sì gbọ́dọ̀ gbé lábẹ́ rẹ̀ bíi gbogbo ẹni tó wà nínú ìwé. Bí mo bá dúró tì í, tí mi ò yẹ̀ ẹ́, á fún mi ní ohun tí mi ò lè fi ọgbọ́n orí ara mi rí.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó dìgbà tí èèyàn bá fi gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó lè kọ ọ́. Olùkọ́ ni Fágúnwà nígbà tó gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde lọ́dún 1938. Ó di 1949 kí Igbó Olódùmarè tó jáde. Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì ni Tutuola. Káfíńtà ni Pita Nwana, tó kọ Omenuko, ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ lédè Ìgbò, lọ́dún 1933. Flora Nwapa ṣe kọmíṣọ́nà, ó sì tún dá ilé ìtẹ̀wé Tana Press sílẹ̀ nílùú yìí.

Ìṣirò oṣù náà nìyí: orí kẹfà àti ìkeje parí, ìkẹjọ ti bẹ̀rẹ̀, ilé ìtẹ̀wé kò tíì fèsì, dúrọ́ọ̀mù kún. Lóṣù kẹsàn-án ilé ìwé á wọlé, ìyára mi á sì dín kù. Ẹ̀yin tí ìtàn iwin ń gbé lọ́kàn lédè Yorùbá, ẹ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá àrà kankan, ẹ kọ iye owó rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó máa san án.