Òtítọ́ Dé Ọjà, Ó Kùtà

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Òwe yìí bá òfin tí ìjọba Amẹ́ríkà fi de ẹnu àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ láti ọdún 1993 títí di ọdún 2011 mu régí. Òun náà ni mo fẹ́ fi ṣe àtùpà láti yẹ fíìmù kan wò, èyíinì ni The Inspection, tí Elegance Bratton kọ, tí ó sì darí, tí ó jáde ní ọdún 2022.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ òfin náà. Kí ó tó di ọdún 1993, èèwọ̀ ni fún ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin, tàbí obìnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí obìnrin, láti ṣiṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà. Bill Clinton ṣe ìlérí nígbà ìpolongo ìbò ọdún 1992 pé òun yóò mú èèwọ̀ náà kúrò. Àwọn ọ̀gá ológun àti ọ̀pọ̀ aṣòfin kọ̀ jálẹ̀. Ohun tí wọ́n wá fi parí ìjà náà ni òfin tí gbogbo ayé mọ̀ sí 'Má bèèrè, má sọ': kí ọ̀gá má ṣe bi ọmọ-ogun léèrè irú ẹni tí ó ń fẹ́, kí ọmọ-ogun náà má sì ṣe sọ ọ́. Ẹni tí ó bá sọ, tàbí tí àṣírí rẹ̀ bá tú, yóò bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀. Ó lé ní 13,000 ènìyàn tí wọ́n lé lábẹ́ òfin yìí. Barack Obama buwọ́ lu ìparẹ́ rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, ó sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011.

Àárín ìgbà yẹn, ní ọdún 2005, ni ìtàn fíìmù náà bọ́ sí. Bratton fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọmọ-ogun Marine, ìgbésí ayé rẹ̀ ni ó sì fi ṣe ìpìlẹ̀ ìtàn náà. Ellis French, tí Jeremy Pope ṣe, jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin adúláwọ̀ tí ìyá rẹ̀ lé kúrò nílé nítorí pé ọkùnrin ni ó ń fẹ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí kò ní ibi tí yóò forí lé, ó pinnu láti wọ iṣẹ́ ológun. Ó ní láti padà lọ gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí Gabrielle Union ṣe. Kí ó tó jókòó, ìyá náà tẹ́ ìwé ìròyìn sórí àga. Kò sí èébú tí ó lè dun ọmọ tó èyí. Ní ilẹ̀ wa, ẹní ni a ń tẹ́ fún àlejò láti fi bu ọlá fún un. Ìyá yìí tẹ́ tirẹ̀ kí ọmọ inú rẹ̀ má ba ba àga òun jẹ́.

Ní ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ibi tí gbogbo wọn ti ń wẹ̀ pọ̀ ni àṣírí ti tú. Òfin ní kí French má sọ. Ara rẹ̀ bá a sọ ọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dáwọ́ jọ lù ú bí ẹní lu bàrà.

Ìlù yìí ni ó mú wa dé orí ìdí ọ̀rọ̀. Àwọn tí ó gbèjà èèwọ̀ náà, tí Colin Powell, olórí àwọn ọ̀gá ológun ní ọdún 1993, wà lára wọn, ní ìṣọ̀kan ẹgbẹ́ ogun ni àwọn ń dáàbò bò. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Bí ìka kan bá yà, ọwọ́ kò le mọ́. N kò fojú kéré àlàyé yìí. Àwọn tí ń sùn nínú yàrá kan, tí ń wẹ̀ níbi kan, tí ẹ̀mí ẹnì kan sì wà lọ́wọ́ ẹnì kejì, ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ohun tí ó lè dà wọ́n rú. Ṣùgbọ́n ta ni ó da ẹgbẹ́ rú nínú fíìmù yìí? Kì í ṣe French. Àwọn tí ó lù ú ni. Òfin náà ìbá sì lé ẹni tí a lù, kí ó fi àwọn alùni sílẹ̀. Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì mú èèwọ̀ tiwọn kúrò ní oṣù Kìíní ọdún 2000, lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù dá wọn lẹ́bi. Ẹgbẹ́ ogun wọn kò tú ká. Powell fúnra rẹ̀ fara mọ́ ìyípadà ní ọdún 2010.

Níbi tí fíìmù yìí ti kù díẹ̀ káàtó, lójú tèmi, ni pé òfin náà fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i bí ìjọba ti ń fìyà jẹ olótìítọ́, kí ó wo Serving in Silence ti ọdún 1995, tí Glenn Close ti ṣe Margarethe Cammermeyer. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ni obìnrin yìí, nọ́ọ̀sì tí ó ti ṣiṣẹ́ lójú ogun Vietnam. Ní ọdún 1989 wọ́n bi í léèrè, ó sì dáhùn pé obìnrin ni òun ń fẹ́. Ní ọdún 1992, kí òfin ìdákẹ́ tó dé, wọ́n lé e. Adájọ́ ni ó pàṣẹ ní ọdún 1994 pé kí wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ tí a ti ń kọ́ ènìyàn pé irọ́ ń tàbùkù ológun ni wọ́n ti lé e nítorí pé kò purọ́. Òfin ọdún 1993 kò wo àrùn yìí sàn. Ó kàn sọ irọ́ di owó ibodè tí ènìyàn gbọ́dọ̀ san kí ó tó wọlé.

Nígbà tí French parí ẹ̀kọ́, ìyá rẹ̀ wá, inú rẹ̀ sì dùn, nítorí ó rò pé aṣọ ogun ti yí ọmọ òun padà. Ọmọ sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀, ìyá sì tún kọ̀ ọ́. Àwọn tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ogun ni ó dúró tì í. Àwòrán náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara, ṣùgbọ́n ó ń kọ mí lóminú. Ṣé dandan ni kí ènìyàn kọ́kọ́ fi hàn pé òun lè pa ènìyàn kí a tó gbà á bí ènìyàn? Leonard Matlovich, ọmọ-ogun òfúrufú tí ó kú ní ọdún 1988, ti dá ìbéèrè yìí sílẹ̀ lórí òkúta ibojì rẹ̀ ní Washington: ó ní wọ́n fún òun ní àmì-ẹ̀yẹ nítorí ọkùnrin méjì tí òun pa, wọ́n sì lé òun nítorí ọ̀kan tí òun fẹ́ràn.

Ìdájọ́ tèmi ni pé ẹni tí ó bá gbà láti fi ẹ̀mí rẹ̀ jìn fún ìlú ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀, láìfi ẹni tí ó fẹ́ràn pamọ́. Ọdún 2011 ti yanjú ìyẹn nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n òfin kankan kò lè ká ìwé ìròyìn yẹn kúrò lórí àga ìyá French. Ìdí nìyí tí fíìmù náà fi yẹ ní wíwò.