Ìgbàgbọ́ Nínú Iṣẹ́ Òòjọ́: Àtúnyẹ̀wò Ojú tí Àwọn Onímọ̀ Fi Wo Ìlú Ayétòrò ní Ilẹ̀ Ìlàjẹ

Ìfáárà

Kì í ṣe ohun tuntun láàrin àwọn onímọ̀ pé ó ṣòro láti pààlà sáàrin ẹ̀sìn àti ìgbé ayé ojoojúmọ́ lọ́dọ̀ Yorùbá. Bọ́lájí Ìdòwú ti tẹnu mọ́ èyí nínú ìwé rẹ̀, Olódùmarè: God in Yoruba Belief, tó jáde ní ọdún 1962. Ó jiyàn níbẹ̀ pé kò sí ẹ̀ka ìgbésí ayé Yorùbá kan tí ẹ̀sìn kò wọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí tọ̀nà débi tó dé, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan. Ẹni tó bá ní ohun gbogbo ni ẹ̀sìn kò tíì sọ bí ẹ̀sìn ṣe wọ inú àwọ̀n tí apẹja ń tún ṣe, tàbí inú ìkòkò tí obìnrin gbé ka iná. Ọ̀rọ̀ gbogbogbòò kò lè rọ́pò àyẹ̀wò ohun pàtó.

Àyẹ̀wò ohun pàtó ni iṣẹ́ yìí dá lé. Ìlú tó fojú sí ni Ayétòrò, ní etí òkun Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìwé tó gbé yẹ̀wò jù lọ ni èyí tí Stanley R. Barrett kọ nípa ìlú náà, The Rise and Fall of an African Utopia, tó jáde ní 1977. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé Barrett wá ìgbàgbọ́ àwọn ará Ayétòrò sí ọ̀nà kan, ó sì wá iṣẹ́ wọn sí ọ̀nà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ojú kan náà ni méjèèjì wà. Àṣìṣe yìí kì í ṣe kékeré, nítorí òun ló ń pinnu ohun tí àwọn ènìyàn yóò kà sí àdánù bí òkun ti ń gbé ìlú náà lọ lónìí.

Ìtàn Ìlú Náà ní Ṣókí

Ní oṣù kìíní ọdún 1947 ni àwọn apẹja kan, ọmọ Ìlàjẹ, tẹ Ayétòrò dó sí etí òkun Àtìláńtíìkì. Inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni wọ́n ti jáde wá, ìyẹn ìjọ Aládùúrà tí Moses Orímóládé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1925. Ìtàn tí àwọn ará ìlú náà ń sọ ni pé inúnibíni ló lé àwọn olùdásílẹ̀ kúrò ní ìletò wọn, nítorí pé wọ́n tako àwọn àṣà kan, pípa ìbejì sì wà lára wọn. Wọ́n pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́, wọ́n sì mú àpẹẹrẹ àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bó ti wà ní orí kejì àti orí kẹrin ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, ní àmúlò: ohun ìní gbogbo di ti gbogbo ènìyàn.

Kò sí owó ọ̀yà. Ohun tí apẹja bá pa àti ohun tí oníṣọ̀nà bá ṣe, inú àpò kan ni èrè rẹ̀ ń lọ. Inú àpò náà sì ni oúnjẹ, aṣọ àti ilé ti ń jáde. Ọba ìlú náà, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Ogeloyinbo, ni olórí ìjọ pẹ̀lú. Wọ́n kọ́ ilé sórí òpó nínú àbàtà, wọ́n sì fi pákó ṣe ọ̀nà láti ilé dé ilé. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n hun aṣọ, wọ́n rán aṣọ, wọ́n ṣe bàtà, wọ́n sì ní iná ẹ̀lẹ́tíríìkì tí ọ̀pọ̀ abúlé agbègbè wọn kò ní. Ọdún mọ́kànlélógún lẹ́yìn ìtẹ̀dó, ní 1968, ni wọ́n yọ̀ǹda kí oníkálùkù máa ṣòwò fún ara rẹ̀.

Orúkọ Tí Barrett Sọ Ìlú Náà

Gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, Barrett kò pe ìlú náà ní orúkọ rẹ̀. Olówó ló pè é. Ó ní ẹ̀tọ́ láti fi orúkọ bo ìlú náà, ṣùgbọ́n lámèyítọ́ kò lè gbójú fo irú orúkọ tó yàn. Ìwọ̀n ni orúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ Yorùbá. Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó sọ ìlú ní Olówó ti fi owó wọ̀n ọ́n kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ̀n mìíràn ni àwọn tó ni ìlú fi wọ̀n ọ́n. Ayétòrò ni wọ́n pè é. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú orúkọ yìí, tòrò, ọ̀rọ̀ omi ni. Bí omi bá dàrú, kò ṣeé mu. Bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀, ẹrẹ̀ á rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀, omi á tòrò. Àwọn tó yan orúkọ yìí jẹ́ ènìyàn tí omi yí ká, tí wọ́n ń pọn omi sínú àmù, tí wọ́n sì ń wo ojú òkun ní òwúrọ̀ kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ọkọ̀ lè jáde. Ohun tí wọ́n rí lójoojúmọ́ ni wọ́n fi sọ ohun tí wọ́n ń retí lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Orúkọ náà kò sọ pé wọn yóò là. Ohun tó sọ ni pé ìdàrúdàpọ̀ tí wọ́n sá fún yóò rọlẹ̀, ìgbé ayé yóò sì mọ́ gaara. Owó lè wà nínú irú ayé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni wọ́n fi dá a mọ̀.

Àríyànjiyàn Barrett

Kó má baà dà bí ẹni pé orúkọ nìkan ni ẹjọ́ wà lé lórí, ó yẹ kí á gbé àríyànjiyàn Barrett kalẹ̀ bó ti lágbára tó. Ó fi Ayétòrò wé abúlé mìíràn tó wà nítòsí. Etí òkun kan náà ni méjèèjì wà, irú ìgbàgbọ́ kan náà ni wọ́n jọ ní, ṣùgbọ́n ọrọ̀ abúlé kejì kò tó ti Ayétòrò. Ó wá parí èrò sí i pé, níwọ̀n ìgbà tí ìgbàgbọ́ jẹ́ ọ̀kan náà tí ọrọ̀ sì yàtọ̀, kì í ṣe ìgbàgbọ́ ló mú ọrọ̀ wá, bí kò ṣe àjọni àti àjọṣe. Ọgbọ́n wà nínú ìfiwéra yìí. Ó gba àwọn ará Ayétòrò lọ́wọ́ àwọn tó rò pé iṣẹ́ ìyanu lásán ló kọ́ ilé wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, Barrett sì rí àgbájọ ọwọ́ náà dáadáa.

Ṣùgbọ́n kí ìfiwéra náà tó lè dúró, ohun kan gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́: pé ìgbàgbọ́ jẹ́ àkójọ ohun tí ènìyàn gbà sínú ọkàn, tó ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì lè jẹ́ bákan náà ní abúlé méjì bí iṣẹ́ wọn tilẹ̀ yàtọ̀. Ibí yìí gan-an ni àríyànjiyàn náà ti mẹ́sẹ̀. Bí ọkùnrin kan bá gbé ẹja tó pa lọ sí ọjà fún ara rẹ̀, tí èkejì sì gbé tirẹ̀ lọ sínú àpò gbogbo ìlú nítorí pé ó ka ọmọ ẹnìkejì sí ọmọ Ọlọ́run bíi tirẹ̀, ṣé ìgbàgbọ́ kan náà ni wọ́n ní? Wọ́n lè jọ máa gba irú àdúrà kan náà. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gbé ẹja náà lọ wà lára ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Ìgbàgbọ́ tí Barrett rò pé òun ti yọ kúrò nínú ìṣirò náà ṣì wà nínú rẹ̀, orúkọ àjọṣe ló ń jẹ́.

Sísìn àti Ṣíṣe

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí sí èyí. Nínú ọ̀rọ̀ náà, ìgbàgbọ́, gbígbà wà níbẹ̀, gbígbọ́ sì wà níbẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà tí kò sì ṣe é, Yorùbá ní kò gbọ́ràn. Bákan náà ni sìn. Ènìyàn ń sin Ọlọ́run. Ó ń sin àlejò sọ́nà. Ó ń sin adìẹ nínú ọgbà. Nínú ìlò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ẹsẹ̀ ń rìn, ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, àkókò sì ń lọ. Ìjọ pàápàá ń pe ètò òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi ní iṣẹ́ ìsìn, ẹnikẹ́ni kò sì rí i bí àsọdùn.

Nínú irú ìlú bí Ayétòrò ní ìgbà àjọni, a lè mú àwọ̀n fún àpẹẹrẹ. Ẹ̀tọ́ gbogbo ìlú wà nínú àwọ̀n kan. Bí ẹni tó ń tún un ṣe bá fi ihò kan sílẹ̀, kì í ṣe ẹja tirẹ̀ nìkan ni yóò gba ibẹ̀ jáde. Kò sí ẹni tó lè ka gbogbo ojú àwọ̀n láti mọ̀ bóyá ó ṣe é dáadáa. Ohun tó wà láàrin ẹni tó jókòó ti àwọ̀n àti àwọn tí yóò jẹ nínú rẹ̀ ni pé ó gbà pé ojú kan ń rí òun, àti pé àwọn yòókù náà ń ṣe tiwọn bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó dúró ti ààrò tó ń yan ẹja wà nínú irú ipò kan náà, àti ẹni tó ń kan pákó afárá tí ọmọ ẹlòmíràn yóò gbà kọjá lóru. Ìgbẹ́kẹ̀lé irú èyí kì í dúró de ọjọ́ ìsinmi. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, ojoojúmọ́ ni ó sì lè já.

Àwọn Àtakò

Àtakò mẹ́ta ni ẹni tó bá ka èyí lè gbé dìde. Èkíní ni pé èrò yìí ń ṣe ìgbé ayé àjọni lẹ́wà ju bó ti rí lọ. Òtítọ́ wà nínú èyí. Àṣẹ líle ló wà lórí iṣẹ́ òòjọ́ Ayétòrò. Fún ìgbà kan, apá kan ìlú ni ọkùnrin ń gbé, apá kejì ni obìnrin ń gbé, ìdílé kò sì sí pa pọ̀ bó ti wà níbòmíràn. Iṣẹ́ tí ènìyàn kò lè kọ̀ lè jẹ́ ìsìn, ó sì lè jẹ́ ẹrù lásán; ẹni tó gbé e nìkan ló lè sọ èwo ni. Ẹ̀rí àwọn obìnrin tó dàgbà nínú ètò yìí ṣe pàtàkì níhìn-ín ju ẹ̀rí àwọn olórí lọ.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àìkú. Barrett sọ pé àwọn Àpọ́sítélì gbà pé àwọn kò ní kú. Ikú sì dé, gẹ́gẹ́ bó ti ń dé síbi gbogbo. Ṣé ìgbàgbọ́ wọn kò ti wó nìyẹn? Ìdáhùn ni pé, bí ìgbàgbọ́ bá jẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo, ó ti wó. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n tún da àwọ̀n, wọ́n tún dáná. Ẹni tó retí pé òun kò ní kú kò ní ọ̀run kan lọ́nà jíjìn tí yóò sún ohun rere sí. Ayé yìí ló ní láti tòrò, lónìí. Iṣẹ́ tí ìrètí náà ti wọ̀ kò dúró nígbà tí ìrètí náà kùnà.

Ẹ̀kẹta ló le jù. Bí àjọni bá jẹ́ ìgbàgbọ́ náà gan-an, ó yẹ kí ìgbàgbọ́ parí ní 1968. Kò parí. Ìjọ ṣì wà, ọba ṣì ń jẹ olórí ìjọ, ìlú ṣì ń jẹ́ Ayétòrò. Àtakò yìí béèrè pé kí á dín èrò iṣẹ́ yìí kù díẹ̀: ìgbàgbọ́ wọ inú iṣẹ́ òòjọ́, ṣùgbọ́n kò so mọ́ ìlànà ìpín èrè kan títí láé. Síbẹ̀, àtakò náà ṣèpalára fún Barrett ju bó ti ṣe fún èrò yìí lọ. Àkọlé ìwé rẹ̀ rí ìgòkè, ó rí ìṣubú, ìtàn sì parí. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń gbé etí òkun mọ̀ pé omi ń kún, omi sì ń fà, àti pé àwọn ènìyàn ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì.

Àsokágbá

Ọ̀rọ̀ yìí kò parí sínú ìwé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlélógún ni òkun ti ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò. Ọ̀pọ̀ ilé ti lọ, àwọn ènìyàn ti kó kúrò níwájú omi lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún kó lẹ́ẹ̀kejì, ilé ìjọsìn pàápàá ti ní láti ṣípò padà. Ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́, ilé ni wọ́n ń kà, àti ìwọ̀n ilẹ̀ tó ti sọnù. Ìkà náà pọn dandan. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n Olówó náà ni, ohun tó ṣeé fi owó san nìkan ló ń rí.

Bí àyẹ̀wò yìí bá tọ̀nà, afárá pákó, ààrò ìyanja àti ibi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe kì í ṣe àyíká ìgbàgbọ́ Ayétòrò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n lè kó ìlú kan lọ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí wọ́n fún olúkúlùkù ní yàrá, kí wọ́n sì kọ́ ilé ìjọsìn tó ju ti àtijọ́ lọ, síbẹ̀ kí apá tó tóbi jù nínú ìsìn wọn má rí ibi dúró sí. Nítorí náà, ètò kíkó lọ kò pé bí kò bá ti bi àwọn ará ìlú ibi tí ọkọ̀ yóò máa gúnlẹ̀ sí, ẹni tí yóò máa gbé tòsí ara wọn, àti ibi tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ yóò ti lè di àwọ̀n kan mú. Iṣẹ́ ìwádìí náà sì wà nílẹ̀. Àwọn tó ṣiṣẹ́ fún àpò kan ṣoṣo ṣáájú 1968 ti di àgbà báyìí, iye wọn sì ń dín kù. Àwọn ló mọ ohun tí wọ́n ń wí lẹ́nu bí wọ́n ti ń tu ọkọ̀ jáde ní àfẹ̀mọ́júmọ́, àti ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ ń bu oúnjẹ fún. Kò yẹ kí omi dé ọ̀dọ̀ wọn kí ìbéèrè tó dé.