Ohun tí a Gùn àti Ẹni tí a Pàdé: Àyẹ̀wò Ìwé Ìrìnàjò Mẹ́ta

Ìfáárà

Bí a bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ àròkọ lórí ìrìnàjò kan tí wọ́n rìn, ohun tí à ń rí gbà kì í yàtọ̀ púpọ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ kan sí èkejì. Ọmọ náà yóò jí ní kùtùkùtù, yóò wẹ̀, yóò jẹun, yóò sì wọ mọ́tò. Kí a tó ṣí ojú ìwé kejì, ó ti dé ibi tí ó ń lọ, inú rẹ̀ sì dùn púpọ̀. Kò sí ọ̀nà nínú àròkọ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnikẹ́ni tí ó pàdé lójú ọ̀nà. Ní èrò tiwa, kì í ṣe èdè ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe aláìní, àpẹẹrẹ ni.

Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ yẹ ìwé mẹ́ta wò. Àwọn tí ó kọ wọ́n dá ìrìnàjò ara wọn rìn ni, kò sí ẹgbẹ́ kankan tí ó kó wọn lọ. Ọ̀kan wa ọkọ̀ òfuurufú, ọ̀kan wọ ọkọ̀ ojú irin, ọ̀kan sì gun kẹ̀kẹ́ ológeere. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Òwe yìí ni a ó fi ṣe òṣùwọ̀n. Bí àlejò kò bá lè fi ojú ara rẹ̀ ríran, onílé ni yóò bá a ríran. Ìwé ìrìnàjò tí kò sí onílé nínú rẹ̀, ìwé afọ́jú ni, bí ó ti wù kí èdè rẹ̀ dùn tó. Ìbéèrè wa ni pé: kí ni ó ń mú kí arìnrìn-àjò pàdé onílé?

Ọkọ̀ Òfuurufú

Ará Faransé ni Antoine de Saint-Exupéry, iṣẹ́ awakọ̀ òfuurufú ni ó sì ń ṣe. Ìwé rẹ̀, Terre des hommes, jáde ní 1939. Ní ọ̀pọ̀ ibi nínú ìwé náà, láti òkè ni òǹkọ̀wé ti ń wo ayé. Ó rí òkè ńlá, ó rí aṣálẹ̀, ó sì rí iná tí ń tàn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú òkùnkùn. Èdè náà rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n iná ni ó ń fi hàn wá, a kò rí ẹni tí ó tan án.

Ní ìparí ọdún 1935, òun àti Prévot tí ó ń bá a tún ẹ̀rọ ṣe gbéra láti Paris, wọ́n ń sáré lọ sí Saigon nítorí ẹ̀bùn owó tí ó wà fún ẹni tí ó bá yára jù. Ọkọ̀ wọn já sí aṣálẹ̀ tí à ń pè ní ti Líbíà. Omi tí ó kù fún wọn kò tó nǹkan. Òùngbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n kí Lárúbáwá kan tí ó gun ràkúnmí tó rí wọn, tí ó sì fún wọn lómi mu. Kò sí ibi tí ìwé náà ti wọni lára tó ibí yìí. Bí a bá sì fara balẹ̀ ka ìwé náà, a ó rí i pé ibikíbi tí onílé bá ti wọ inú ìtàn, ọkọ̀ ti wà nílẹ̀.

Ọkọ̀ Ojú Irin

Ní 1973, Paul Theroux, ará Amẹ́ríkà, wọ ọkọ̀ ojú irin ní London. Ó la ilẹ̀ Yúróòpù kọjá lọ sí Éṣíà, ó dé Íńdíà, ó dé Japan, ó sì gba Siberia padà sílé. Oṣù mẹ́rin ni ó fi rìn ín. The Great Railway Bazaar ni ó pe ìwé tí ó kọ nípa rẹ̀, ó sì jáde ní 1975. Orúkọ àwọn ọkọ̀ tí ó wọ̀ ni ó fi sọ orí ìwé náà, nítorí pé ọkọ̀ gan-an ni ó wù ú ju ìlú lọ. Ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú ìtàkùrọ̀sọ. Bí èrò ọkọ̀ kan bá la ẹnu, kíá ni a ó ti mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́.

Síbẹ̀, àlejò ẹgbẹ́ rẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ìtàn kan wà níbẹ̀rẹ̀ ìwé náà nípa bàbá àgbàlagbà kan tí ó sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ní Ítálì láti ra oúnjẹ. Ọkọ̀ kò dúró dè é, ó sì gbéra. Ìtàn náà pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fi òfin ojú irin hàn wá: ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ tọ onílé lọ, ọkọ̀ lè fi í sílẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ Ológeere

Ọmọ Lismore ní ilẹ̀ Ireland ni Dervla Murphy tí a bí ní 1931. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, a fún un ní kẹ̀kẹ́ àti ìwé àwòrán ilẹ̀ ayé, ó sì pinnu pé òun yóò gun kẹ̀kẹ́ dé Íńdíà. Ìyá rẹ̀ tí ń ṣàìsàn ni ó ń tọ́jú títí ìyá náà fi kú ní 1962. Ní oṣù kìíní ọdún 1963, nínú òtútù tí ó le gan-an, ó gbéra láti Dunkirk lórí kẹ̀kẹ́ tí ó sọ ní Roz. Ó gba Yugoslavia, Bùlùgáríà, Tọ́kì, Ìráànì, Afgánístánì àti Pàkísítàánì, ó sì dé Delhi ní oṣù keje. Full Tilt, ìwé rẹ̀, jáde ní 1965.

Ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ kò lè ru ilé àti oúnjẹ oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ó di dandan kí ó kan ilẹ̀kùn ẹnì kan. Ìdí nìyí tí onílé fi pọ̀ nínú ìwé náà: ẹni tí ó fún un ní tíì, ẹni tí ó tẹ́ ẹní fún un, ẹni tí ó fẹ́ ṣe é ní ibi. Ohun kan tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé ọṣẹ́ tí ó burú jù tí ó bá a kò ti orí kẹ̀kẹ́ wá. Inú bọ́ọ̀sì ní Afgánístánì ni ìdí ìbọn ti gbá a, tí egungun ìhà rẹ̀ mẹ́ta sì ṣẹ́.

Kì í ṣe pé ìwé yìí kò ní àbùkù. Murphy a máa yára dá àwọn ará ìlú kan láre, a sì máa yára dá òmíràn lẹ́bi. Ó tún dà bí ẹni pé ó fẹ́ kí àwọn tí ó gbà á lálejò máa gbé bí wọ́n ti ń gbé láyé àtijọ́, kí ọ̀nà mọ́tò má tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Òun lè padà sí Ireland nígbà tí ó bá wù ú. Onílé tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí lóru ń fẹ́ ọ̀nà tí yóò gbé e dé ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn onílé wà nínú ìwé náà ni àwa òǹkàwé fi lè bá òǹkọ̀wé jiyàn.

Àríyànjiyàn

Ẹnì kan lè sọ pé ọgbọ́n òǹkọ̀wé ni ó ń mú ìwé dára, pé ohun tí ó gùn kò kan ọ̀rọ̀. A gbà pé ọgbọ́n ṣe pàtàkì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì ní in. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n Saint-Exupéry kò fún un ní onílé nígbà tí ó wà lókè. Òùngbẹ ni ó fún un. Nítorí náà, kì í ṣe ìyára tàbí ìfalẹ̀ ọkọ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀, àìní ni. Ọkọ̀ tí kò jẹ́ kí a ṣe aláìní ohunkóhun kò ní jẹ́ kí a mọ ẹnikẹ́ni. Wákàtí bí mẹ́fà àbọ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú ń lò láti Èkó dé London, a sì lè dé ọ̀hún láìmọ orúkọ ẹni tí ó jókòó tì wá.

Ẹ̀kọ́ fún Wa

Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé ni à ń pè ní Àjàlá. Ara Ọlábísí Àjàlá ni orúkọ yìí ti wá, ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago lọ sí Los Angeles ní 1952, tí ó sì tún fi alùpùpù kékeré rin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ebenezer Obey kọrin kan án, orúkọ náà sì di ti gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n iye ìlú tí ó dé ni à ń kà. Ẹni tí ó fún un ní omi àti ilé sùn kò sí lẹ́nu wa. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ìwé rẹ̀, An African Abroad, tí ó jáde ní London ní 1963. Bẹ́ẹ̀ ni D. O. Fágúnwà ti fi Yorùbá kọ Ìrìnàjò rẹ̀ sí ìlú Òyìnbó ní apá méjì, ṣùgbọ́n ìwé igbó irúnmọlẹ̀ rẹ̀ ni a mọ̀ jù.

Ìmọ̀ràn wa jẹ́ mẹ́ta. Èkíní, kí a mú Ìrìnàjò Fágúnwà wọ kíláàsì. Èkejì, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó mọ iṣẹ́ ìtumọ̀ gba àṣẹ, kí wọ́n sì túmọ̀ orí díẹ̀ nínú ìwé Àjàlá sí Yorùbá. Ẹ̀kẹta, kí a yí ìbéèrè àròkọ wa padà. Dípò "Ìrìnàjò kan tí mo rìn", ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n pé: "Ta ni ó ràn ọ́ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, kí ni o ṣe aláìní nígbà náà?" Bí kò tilẹ̀ ju láti ilé dé ọjà lọ, ọmọ tí ó bá dáhùn ìbéèrè yìí kò ní ṣàìrí ohun kọ.