Ọbẹ̀ Ò Gbọdọ̀ Dà

Kí ìgbì tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ sókè sódò, àwọn sítúwọ́ọ̀dù ti wọ́n omi sí aṣọ orí tábìlì. Aṣọ tó tutù a máa di àwo mú, èyí tó gbẹ a sì máa jẹ́ kó yọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí etí tábìlì ká nàró, kí àwo tó bá sá má baà bọ́ sílẹ̀. Wọn kì í bu ọbẹ̀ kún àwo nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìdajì ni. Ẹni tó ń gbé e bọ̀ á tẹ orúnkún díẹ̀, á dúró títí ọkọ̀ á fi fì sápá kan tán, ìgbà yẹn ló máa tó gbẹ́sẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, á tún dúró. Èrò tó jókòó tó ń retí oúnjẹ lè má fura rárá. Ó lè rò pé ọmọkùnrin náà kàn ń wo tábìlì wo ló kàn ni.

Iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe báyìí nínú ọkọ̀ òkun, lọ́jọ́ tí ilẹ̀ ò sí lọ́tùn-ún tí kò sì sí lósì, ló wù mí láti wò fínnífínní. Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló kan ará Ìkọ̀lé pẹ̀lú òkun. Omi tó fẹ̀ jù lágbègbè tiwa ni dáàmù Ìtàpájì, ẹni tó bá sì dúró ní bèbè rẹ̀ ń rí òdìkejì. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ òfurufú tó gba èrò lọ́wọ́ ọkọ̀ òkun, ẹni tó bá fẹ́ lọ kàwé nílùú òyìnbó láti Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó ní láti wọ lọ́rì, kó lọ bá rélùwéè ní Òṣogbo tàbí Ìbàdàn, kó dé Èkó, kó tó wọ ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Elder Dempster lọ sí Liverpool. Accra, Apapa àti Aureol lorúkọ ọkọ̀ tí àwọn àgbà máa ń dá jù. Aureol ló dé kẹ́yìn, òun ló sì rẹwà jù nínú wọn. Glasgow ni wọ́n ti kàn án, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ tọ́ọ̀nù 14,083. Ara rẹ̀ funfun báláú, ọ̀pá èéfín rẹ̀ sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bí ọjọ́ mẹ́tàlá ló máa ń lò lójú ọ̀nà láàárín Liverpool àti Èkó, á yà ní Las Palmas, á yà ní Freetown, á yà ní etíkun Ghana. Àwọn ọjọ́ yòókù, omi ni lájorí.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni èrò máa ń pè ní ọjọ́ ìsinmi. Kò sí ohun tí wọ́n ń ṣe ju kí wọ́n jẹun, kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́, kí wọ́n ta káàdì, kí wọ́n nà sórí àga lábẹ́ oòrùn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kò mọ ọjọ́ ìsinmi kankan ní tiwọn. Wákàtí mẹ́rin ni atukọ̀ kan ń ṣọ́, á lọ sinmi fún mẹ́jọ, á sì tún padà, lọ́sàn-án lóru, títí wọ́n á fi gúnlẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ rárá ni wọ́n ti ń fi omi òkun fọ dẹ́ẹ̀kì. Ẹni tó mú rọ́bà omi lọ́wọ́ ti mọ apá ibi tí ọkọ̀ tẹ̀ sí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ibẹ̀ ló sì ń lé omi lọ, kó lè bá ojú ihò ìṣàn jáde fúnra rẹ̀. Nígbà tí èrò àkọ́kọ́ bá fi jáde wá gba atẹ́gùn, pátákó ti gbẹ. Àwọn kan á wò ó, wọ́n á ní ó mọ́ tónítóní. Kì í ṣe tìtorí ẹwà nìkan o: ìyá àgbà kan tó bá yọ̀ ṣubú lójú agbami, ọ̀nà ọsibítù jìn sí i.

Ẹni tí mo gbóríyìn fún jù nílé ìdáná ni ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì. Òru ni tirẹ̀. Ìyẹ̀fun kan náà ló ń pò láti Èkó dé Liverpool, ọwọ́ kan náà ló sì fi ń pò ó, ṣùgbọ́n ooru ibi tí ó ti ń pò ó ń yí padà lójoojúmọ́. Nítòsí Freetown, ìyẹ̀fun a máa yára wú débi pé, bí kò bá dín yíìsì kù, búrẹ́dì á ti kan kó tó wọ ààrò. Bí wọ́n bá ti kọjá Las Palmas tí òtútù sì dé, á lọ́ra, á fẹ́ kí wọ́n gbé e súnmọ́ ibi tó móoru. Ẹni tó bá jẹ búrẹ́dì ní Èkó tó sì tún jẹ ẹ́ nínú òtútù òkun Biscay, tó wá ní ọ̀kan náà ni, ó ti yìn ín jù bó ti rò lọ.

Lọ́sàn-án gangan, àwọn ọ̀gá atukọ̀ á jáde síta, kálukú pẹ̀lú sextant tirẹ̀, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí oòrùn ṣe ga tó. Nínú díńgí irinṣẹ́ náà ni wọ́n ti ń fa àwòrán oòrùn sọ̀kalẹ̀ títí yóò fi gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀ lé ojú ìlà tí òkun ti bá ọ̀run pàdé. Wọ́n á máa fì irinṣẹ́ náà sọ́tùn-ún sósì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí oòrùn lè fara kan ìlà náà ní ibi tó rẹlẹ̀ jù. Oòrùn ṣì ń gòkè, wọ́n ń dúró. Ó lọ́ra. Ó dúró. Bó ṣe dúró yẹn ni wọ́n ń ka nọ́ńbà, tí wọ́n á wọlé lọ ṣírò ibi tí ọkọ̀ wà. Aureol lè sá tó nọ́ọ̀tì 16, èyí tó ń lọ sí bíi kìlómítà 700 láàárín ọ̀sán sí ọ̀sán, bíi kí èèyàn ti Ìkọ̀lé lọ sí Èkó kó sì padà. Àwọn èrò a máa ta tẹ́tẹ́ lórí iye tí yóò jẹ́.

Ìṣirò yìí rán mi létí Adegoke Olubummo, ọmọ Orin-Èkìtì lẹ́bàá Ìdó, tí wọ́n bí ní 1923, tó kọ́kọ́ kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní Freetown kó tó gba PhD nínú ìṣirò ní 1955 ní Newcastle, lábẹ́ Fáfitì Durham. Òkè tí Fourah Bay wà lórí rẹ̀, Mount Aureol, ni wọ́n fi sọ ọkọ̀ náà lórúkọ. N ò mọ̀ bóyá ó dúró wo àwọn ọ̀gá atukọ̀ lọ́sàn-án rí. Bó bá dúró wò wọ́n, mo fẹ́ gbà pé ìṣirò wọn á tètè yé e ju ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ lọ.

Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi ẹ́ńjìnnì, ariwo ò jẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ ohùn ẹnì kejì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tọ́ irin wò, bóyá ó ti gbóná jù.

Owó tí wọ́n ń san fún gbogbo ìmọ̀ yìí nígbà náà kò dọ́gba. Iye tí atukọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń gbà kéré sí ti òyìnbó tó ń bá a ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ kan náà. Ní 1959, aáwọ̀ tó bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ Apapa láàárín àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà àti àwọn tó ni ọkọ̀ le débi pé wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde lórí rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ọbẹ̀ lọ́nà tí kò fi ní dà nínú ìjì kò gbọdọ̀ máa ronú nípa owó tí ò tó.

Owó kòkó ló rán ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì lọ sókè òkun. Bí ọmọ bá sì wà nínú káábìn ọkọ̀ èrò, kòkó àwọn bàbá wa wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ilé-iṣẹ́ kan náà, wọ́n jọ ń lọ sí èbúté kan náà. Àgbẹ̀ Ìkọ̀lé mọ bí wọ́n ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kó lè kan, bí wọ́n ṣe ń sá a, bí gbogbo ilé ṣe ń sáré jáde láti palẹ̀ rẹ̀ mọ́ tí òjò bá ṣú. Ó mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ìjọba á fi ọ̀bẹ la ẹyọ kòkó sí méjì wò, bí inú rẹ̀ bá bu, á sọ ọ́ nù. Bí wọ́n bá ti di í sínú àpò, 16 ló ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ti atukọ̀.

Kòkó tó gbẹ dáadáa ṣì ní omi nínú, bíi kílò 7 nínú 100. Nínú ọkọ̀ tó gbé tọ́ọ̀nù 1,000, tọ́ọ̀nù 70 omi ló wà nínú àwọn àpò tí gbogbo èèyàn ń pè ní gbígbẹ. Nígbà tí ọkọ̀ bá kúrò nínú ooru wa tó wọ òkun tútù, irin ara rẹ̀ á tutù, atẹ́gùn gbígbóná tó ti inú kòkó jáde á kàn án, á di omi, á máa kán sórí àpò. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ báyìí fún ọjọ́ mélòó kan, kòkó tó kúrò ní Èkó láìlábàwọ́n á dé Liverpool pẹ̀lú ẹ̀bu lára.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi pátákó, ẹní àti pépà la àárín àpò àti irin. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ wá wà níta: àwọn ọ̀pá irin gbàǹgbà tó ń gba afẹ́fẹ́ wọ inú ilé ẹrù. Atukọ̀ á yí ẹnu wọn kọjú sí afẹ́fẹ́, á yí ti àwọn kan padà kí atẹ́gùn inú lè jáde. Bí òjò tàbí ìgbì bá ń bọ̀, á sáré bo gbogbo wọn. Kì í sì í ṣe gbogbo afẹ́fẹ́ ló dára. Afẹ́fẹ́ tó lọ́rinrin ju ti inú lọ, bíbò ló yẹ kí wọ́n bò fún un. Tẹ̀mómítà méjì ni wọ́n fi ń mọ̀, ọ̀kan gbẹ, ọ̀kan ní aṣọ tútù lára. Wọ́n á ka méjèèjì níta, wọ́n á ka méjèèjì nínú, wọ́n á pinnu, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé ọkọ̀: aago mélòó, báwo lòtútù ṣe tó, ta ló ṣí i, ta ló bò ó. Bí àpò kan bá fi lè jáde ní Liverpool tó ti bu, ìwé yẹn ni àwọn oníkòkó máa kọ́kọ́ béèrè.