Ojú Ìsopọ̀: Fìtílà Alágolo àti Ọkùnrin Pípé Inú Ìtàn Tutùọlá

Nígbà tí Yorùbá bá sọ pé ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò, ọ̀rọ̀ méjì tí kò bá ara wọn tan ni wọ́n so pọ̀. Ìlú ni ọ̀kan, aṣọ ni èkejì. Ìró tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ni òjé tí a fi jó wọn mọ́ra. Kò sí ẹni tí kò rí ojú ìsopọ̀ náà, ibẹ̀ gan-an sì ni adùn òwe náà wà.

Irú ọgbọ́n kan náà ni ti fìtílà alágolo tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń ṣe fún títà, láti ọjà Sókótó títí dé àwọn ọjà ilẹ̀ Yorùbá. Agolo mílíìkì ni ikùn rẹ̀, àjákù páànù tí a ká ni ọrùn, àkísà tí a lọ́ ni òwú. Orúkọ rẹ̀ pàápàá, ọ̀rọ̀ àyálò ni: Yorùbá yá a lọ́wọ́ Hausa, Hausa yá a lọ́wọ́ Lárúbáwá. A kò gbọdọ̀ yìn ín jù. Ó ń rú èéfín, ó ń sọ àjà di dúdú, ó sì lè jó ilé. Kò yẹ kí lámèyítọ́ tí ó jókòó sídìí iná mànàmáná máa pe ìṣẹ́ ẹlòmíràn ní ẹwà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń mú ojú dúró lára fìtílà yìí kì í ṣe ìṣẹ́. Òun ni pé kò fi ìtàn ara rẹ̀ pamọ́. Bí iná ti ń jó lórí rẹ̀, orúkọ mílíìkì ṣì ń hàn lára agolo.

Amos Tutùọlá (1920–1997), ọmọ Abẹ́òkúta, kò ṣàjèjì sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ bàbà ni ó kọ́, òun ni ó sì ṣe fún ẹgbẹ́ ọmọ-ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nínú The Palm-Wine Drinkard (1952), ọkùnrin pípé kan wọ ọjà. Ẹwà rẹ̀ pọ̀ débi pé, lójú asọ̀tàn, àwọn tí ń ju bọ́ǹbù láti òfurufú kò ní lè ju ú sí ìlú tí ó bá wà. Omidan kan tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n wọ igbó, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ̀yà ara padà fún àwọn tí ó yá a lọ́wọ́ wọn, ó sì ń san owó ìyálò. Ẹsẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dá padà. Nígbà tí yóò fi délé, ó ku agbárí lásán.

Ìkìlọ̀ fún ọmọbìnrin tí ó kọ ọkọ tí bàbá rẹ̀ yàn ni ọ̀pọ̀ ń kà sínú ìtàn yìí. Ìkìlọ̀ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú alágbẹ̀dẹ wò ó, ohun àtòpọ̀ ni ọkùnrin yìí bí fìtílà. Yíyá kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, nítorí ó san gbèsè rẹ̀ pé, ìwà tí ó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ènìyàn pípé. Ojú ìsopọ̀ tí ó bò ni ewu.

Èyí ni ó mú kí ẹjọ́ èdè Tutùọlá yẹ fún àtúnyẹ̀wò. Dylan Thomas yin ìwé náà nínú Observer ní 1952. Nínú ìwé ìròyìn West Africa ní 1954, àtẹ́ ni àwọn ọmọ Nàìjíríà kan bu lu Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ọkùnrin pípé ni wọ́n ń béèrè, èyí tí a yá láti orí dé ẹsẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ pé a yá a. Ti Tutùọlá kò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni agolo, ìhun gbólóhùn Yorùbá ni òwú inú rẹ̀, òjé sì hàn. Kódà Faber and Faber tẹ ojú-ewé kan nínú àfọwọ́kọ rẹ̀ sínú ìwé náà, pẹ̀lú àtúnṣe olóòtú lórí rẹ̀. Ìyìn Lọ́ńdọ̀nù náà ní àléébù tirẹ̀. Agolo ni wọ́n ń wò, wọn kò bèèrè ohun tí iná ń tan ìmọ́lẹ̀ sí.

Nínú àlọ́ Yorùbá ni Tutùọlá ti yá ọkùnrin pípé náà. Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ìtàn Ọ̀mùtí sórí ìtàgé ní èdè Yorùbá. Ẹjọ́ gírámà kò lè tẹ̀lé e débẹ̀. Ohun tí a yá ti padà sọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, ó sì gbé owó ìyálò rẹ̀ dání.