Áísì Ẹlẹ́sẹ̀ 24

Yamaha DX7 ló wà lórí tábìlì ọ̀gá mi, kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1983. Ohùn 32 ló lè fi pamọ́ sínú. Báìtì 128 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,096; àwòrán kan ṣoṣo lórí fóònù ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ẹni tó ni ín fẹ́ kí ohùn náà pọ̀ sí i, ó gbé e fún ẹnì kan pé kó fi áísì ìrántí tó tóbi jù sí i. Láti ìgbà náà ni kò ti dún mọ́.

Ọ̀gá kò tíì fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù. Wọ́n yọ ọ́ lára iná, wọ́n ṣí ojú rẹ̀ sókè, wọ́n sì tan tọ́ọ̀ṣì sí pánẹ́ẹ̀lì láti ẹ̀gbẹ́, kí òjìji lè fi ohun tó yọ gọngọ hàn. Ẹsẹ̀ 28 ni áísì tuntun ní, ihò 24 ló bá níbẹ̀. Ẹni náà ká ẹsẹ̀ mẹ́rin sókè, ó fi wáyà so wọ́n. Lẹ́ẹ̀dì ti ṣàn láti ara ẹsẹ̀ kan dé èkejì. Ó sì ti fipá fa áísì àtijọ́ yọ kí lẹ́ẹ̀dì tó yọ́, bàbà ẹnu ihò méjì bá a lọ.

Bátìrì 3 fóltì ni wọ́n kọ́kọ́ tú, torí ìyẹn ń fún áísì ní iná bí a tilẹ̀ pa kíbọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà, kọ́tà. Wọ́n gé gbogbo ẹsẹ̀ áísì náà mọ́ ara rẹ̀, wọ́n gbé ara jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dùn mí díẹ̀, àmọ́ wọ́n ní áísì ṣeé rà, pánẹ́ẹ̀lì ni kò ṣeé rà. Ẹsẹ̀ tó kù, wọ́n ń yọ ọ́ níkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ: áyọ́ọ̀nù nísàlẹ̀, twísà lókè, wọ́n á dúró títí lẹ́ẹ̀dì á fi dán, ẹsẹ̀ á sì tẹ̀ lé twísà fúnra rẹ̀. Èyí tó bá ṣagídí, wọn kì í fà á. Lẹ́ẹ̀dì tuntun díẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un, kí ti àtijọ́ lè yọ́. Wọ́n fi sọ́kà fa ihò mọ́, wọ́n fi sípíríìtì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ pésìtì tó jóná.

Fún ihò méjì tó ya, wọ́n tọ ojú ọ̀nà bàbà lọ dé ibi tó ṣì le, wọ́n fi bíléèdì họ awọ àwọ̀ ewé orí rẹ̀ títí bàbà fi yọ, wọ́n sì jó wáyà tín-ín-rín mọ́ ọn.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ 24 ló wọlé, kì í ṣe áísì. Mítà bẹ̀rẹ̀ sí í ké: láti ihò dé ibi tó yẹ kó dé, ó gbọ́dọ̀ ké, láti ihò sí èyí tó tẹ̀ lé e, kò gbọdọ̀ ké. Wọ́n jó bátìrì tuntun mọ́ ọn, wọ́n tan iná. Ó sún mọ́ 5 fóltì ní ihò kẹrìnlélógún. Ìgbà náà ni wọ́n tó pa á, tí wọ́n mú áísì kan nínú agolo, irú ti àkọ́kọ́, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ wọlé, tọ̀tún tòsì lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n tú ààbò ìrántí, wọ́n fi wáyà MIDI kó àwọn ohùn àtilẹ̀wá wọlé láti orí láptọ́ọ̀pù. Bọ́tìnnì kọkànlá: E.PIANO 1. Ó dún. Wọ́n pa á, wọ́n tún un tàn. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Oníkíbọ́ọ̀dù béèrè bóyá ọ̀gá lè wá bá òun fi áísì ńlá yẹn sí i wàyí. Wọ́n ní kò burú, sọ́kẹ́ẹ̀tì ti wà. Àmọ́ kó lọ ra òmíràn wá, ti àná kò lẹ́sẹ̀ mọ́.